Ẹni Tó Wojú Ọ̀run Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ṣakí,
27 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Raqeebah ọmọ mi,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n mi Sàúdátù tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn le? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ọṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n Abọ́dúnrìn tó ń wa mọ́tò bọ̀ láti Accra gbé e ti gaàrí. Gaàrí náà ń hó lẹ́nu wa.

Mo mọ̀ pé o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ló kù tó ń kọ lẹ́tà. Kí ni kí n ṣe? Etí mi ti di. Bí o bá pè mí lórí fóònù, ariwo ẹ̀rọ ata ni mò ń gbọ́, ẹni tí mo bá sì ní kó bá mi gbọ́ ọ, ohun tó wù ú ló máa ń sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í sá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. A ti mú ọjọ́ yìgì ìwọ àti Zàíd. Sátidé kejì lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni, níhìn-ín ní Ṣakí, níwájú ilé wa. Àwọn òbí rẹ̀ ní Lagos Town lọ́dọ̀ yín ní Accra ti gbà, bàbá àgbà rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ti gbà, Lèmọ́mù ti gbà. Ìwọ nìkan ni mo gbọ́ pé ò ń sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́. Iṣẹ́ wo? Ẹ̀gbọ́n mi ní fìríìjì kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Raqeebah, mo rán ọ lọ sí yunifásítì kí o lè mọ kọ̀ǹpútà, o wá di ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe ní Accra, ìlú àwọn Gáà?

Kí o wálé kí ààwẹ̀ tó parí. Mi ò fẹ́ kí o ti inú mọ́tò bọ́ sórí ẹní yìgì.

Èmi bàbá rẹ,
Àkíbù Àdìgún.


Lagos Town, Accra,
9 oṣù Èrèlé, 2025.

Bàbá mi,

Wàáléékúmù sàlámù. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara Ìyá Ọlọ́ṣẹ le. Ẹ̀gbọ́n yín ni mò ń wí o. Kò sẹ́ni tó mọ Sàúdátù ní àdúgbò yìí mọ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Mo jíṣẹ́ gaàrí fún wọn. Wọ́n ní kí ẹ máa fi fọ aṣọ.

Èmi kọ́ ni mò ń tún fìríìjì ṣe, Bàbá. Fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí ni, èyí tí wọ́n fẹ́ máa gbé lọ sí àwọn ìletò tí iná kì í dúró. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ òtútù rẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tí à ń pè ní kẹ́nẹ̀lì. Lábẹ́ kẹ́nẹ̀lì, kò sí nǹkan kan mọ́ àfi irin. Bí òun bá ṣìṣe, kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

Ó sì ń ṣìṣe. Fìríìjì á máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, á kàn dákẹ́ lójijì, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á gbóná. Ohun tó fẹ́ sọ mí di wèrè nìyí: bí mo bá kọ ìlà kan kún ètò náà pé kó máa sọ ibi tó ń bá iṣẹ́ dé fún mi, kì í dákẹ́ mọ́. Bí mo bá yọ ìlà yẹn kúrò, ó tún dákẹ́. Bí mo bá ń wò ó, ọmọlúàbí ni. Bí mo bá yíjú kúrò, ó kú. Mo ti ka ohun tí mo kọ títí ó fi ń bá mi dé ojú oorun. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Afua, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ní àwọn tó ń fowó sí iṣẹ́ yìí kò ní dúró kọjá òpin oṣù Ẹrẹ́nà. Bí kò bá tíì dára nígbà yẹn, gbogbo wa á ká ẹsẹ̀ wa kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sún ọjọ́ yìgì síwájú. Lẹ́yìn èyí, Zàíd kò sí ní ọjà Circle ní Accra níbí mọ́ o. Ó ti kó ṣọ́ọ̀bù fóònù rẹ̀ lọ sí Kùmásí láti bí oṣù mélòó kan, ó ní ibẹ̀ ni a ó máa gbé. Mo ní kí ẹ mọ̀.

Ọmọ yín,
Raqeebah.


Ṣakí,
22 oṣù Èrèlé, 2025.

Raqeebah,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo nu awò ojú mi, mo tún un kà. Ẹ̀rọ wo ló máa ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá ń wò ó, tó máa ń kú bí ènìyàn bá yíjú? Ṣé o gbàgbé pé olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì? Àwọn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ló máa ń wá sọ irú rẹ̀ fún mi. Ewúrẹ́ ti jẹ ìwé, òjò ti pa ìwé. Tìrẹ tilẹ̀ wá ga: fìríìjì ń bá ọ ṣe bojúbojú.

O ní kí n sún ọjọ́ síwájú. Ta ni kí n lọ sọ fún? Bàbá àgbà Zàíd ti ń tẹ́ ẹní ìrun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní mọ́ṣáláṣí, ó ń pè mí ní àna lójú gbogbo jámáà. Àwọn obìnrin ilé ti lọ yá ìkòkò. Ìwọ fúnra rẹ lo gbà! Mo bi ọ́ ní Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí o wálé, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ Zàíd?" O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." O tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Kùmásí wá ńkọ́? Ṣé Kùmásí kì í ṣe Gáánà ni? Ọkùnrin tó bá rí ibi tí ọjà ti ń yá, ṣé kó má lọ síbẹ̀? Àbí kò sí fìríìjì ní Kùmásí?

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á tún kéde oṣù ní rédíò, gbogbo ayé á gbà, èmi á sì tún gun àpáta ẹ̀yìn ilé lọ fi ojú ara mi wò ó. Kí Ọlọ́run kẹ́ ìyá rẹ, òun ló máa ń sọ pé àpáta yẹn ni yóò pa mí. Kò tíì pa mí. Ìwọ lo fẹ́ pa mí.

Wálé.

Àkíbù Àdìgún.


Lagos Town, Accra,
15 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Mo mọ̀ pé Abọ́dúnrìn ti lọ ti bọ̀, tí kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó ṣeé kọ nígbà náà. Ní báyìí mo ní. Mo ti rí i, Bàbá! Mo ti rí ohun tó ń pa fìríìjì.

Ohun tí èmi kọ kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ètò mìíràn wà láàárín èmi àti irin, kọ̀ǹpáílà lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń sọ ohun tí mo kọ di èdè tí irin gbọ́. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo ti ń ka ohun tí mo kọ, tí mò ń bá ara mi jà. Lọ́jọ́ kan Afua wá dúró lẹ́yìn àga mi, ó gbé wáákyé dání, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń jẹ níbí, èmi wà nínú ààwẹ̀. Ó ní, "Raqeebah, o mọ ohun tí o sọ. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n gbọ́?" Ó ní kí n lọ ka asẹ́ńbílì, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpáílà kọ jáde gan-an, àwọn àṣẹ kéékèèké tí irin ń tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú bí mi. Mo ní ta ló tún ń ka ìyẹn láyé òde òní? Òórùn wáákyé yẹn náà sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n mo lọ kà á.

Bàbá, ohun tí mo kọ ni pé: wo àmì tí ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù máa gbé sókè bó bá wọ̀n ọ́n tán, wò ó, tún wò ó, má ṣe dẹ́kun wíwò ó títí yóò fi gòkè. Ẹ mọ ohun tí kọ̀ǹpáílà ṣe? Ó wò yíká, ó rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ètò mi tó fọwọ́ kan àmì yẹn. Ó ní kí ni òun tún ń wò ó fún, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí òun rí lẹ́ẹ̀kan ni òun á tún rí? Ó fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ìdáhùn sápò, ó wá ń bi àpò ara rẹ̀ léèrè títí ayé. Kedere ló wà nínú asẹ́ńbílì: kíkà kan lókè, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà kan tó ń fò padà sórí ara rẹ̀. Àmì ti gòkè tipẹ́tipẹ́. Kò gbójú wò ó mọ́.

Ó dà bí ẹni pé ẹ rán ẹnì kan gun àpáta yín lọ wo oṣù. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, kò rí i, ó jókòó, ó kọjú sílẹ̀. Bí ẹ bá ké sí i pé, "Ṣé oṣù ti lé?" á ní, "Rárá," láìgbójú sókè. Oṣù á lé, á tóbi, á wọ̀, ẹ̀yin á ṣì wà lẹ́nu ààwẹ̀.

Ìlà tí mo máa ń fi kún un yẹn, tí kì í jẹ́ kó dákẹ́, nítorí rẹ̀ ètò náà ní láti kọ́kọ́ jáde lọ rán ẹlòmíràn níṣẹ́. Bó bá dé, kò dá a lójú mọ́ pé nǹkan ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, ló bá ń tún un wò. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe ọmọlúàbí lójú mi. Ewúrẹ́ kò jẹ ìwé mi, Bàbá.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo kọ síwájú àmì yẹn láti tún un ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun yìí lè yí padà láìjẹ́ pé ìwọ lo yí i, nítorí náà máa tún un wò. Mo tún lọ ka asẹ́ńbílì, mo rí i pé kíkà ti bọ́ sínú àyípo, ibi tí irin ti ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra. Fìríìjì kò dákẹ́ láti ìgbà náà. Afua gbé wáákyé wá fún mi láti fi ṣínu.

Ní ti yìgì, mo ṣì ń bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Raqeebah.


Ṣakí,
21 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Raqeebah ọmọ mi,

Máṣàálọ̀! Mo ka lẹ́tà rẹ sétí Lèmọ́mù, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹni tó kọjú sílẹ̀, tó ń ní, "Rárá, rárá!" Mo mọ irú wọn dáadáa. Wọ́n pọ̀ nínú jámáà wa. Inú mi dùn pé owó iléèwé rẹ kò ṣòfò, mo sì gba ọ̀rọ̀ bojúbojú padà.

Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ohun tó ń dí ọ lọ́wọ́ ti kúrò, Alhamdulillah. Mo wá rí i nísàlẹ̀ lẹ́tà pé o ṣì ń bẹ̀ mí. Kí lo tún ń bẹ̀ mí fún? Fìríìjì ti yè. Ṣé ẹ̀rọ ìlọta ló kù tí o fẹ́ tún ṣe?

Abọ́dúnrìn á dé Accra lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo ti bá a sọ ọ́, iwájú lo máa jókòó, ẹnikẹ́ni kò ní fún ọ mọ́lẹ̀. Di ẹrù rẹ. Mi ò fẹ́ gbọ́ àwíjàre kankan mọ́.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Àkíbù Àdìgún.


Lagos Town, Accra,
26 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mi ò bá Abọ́dúnrìn wá. Lẹ́tà yìí ló jókòó síwájú.

Ẹ bi mí lábẹ́ igi máńgòrò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Zàíd ń ta fóònù ní Circle nígbà yẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ti wà níbi tí tírótírò, mọ́tò akérò ibí, ti ń já èrò, á dúró dè mí, a ó jọ wálé sí Lagos Town. Á ní kí n sọ ohun tí mo ṣe lónìí fún òun, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ yẹn, tó fi Twi, èdè Gáánà, ti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní báyìí, Kùmásí ló wà. Ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n wá máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti rí ohun tó ń pa fìríìjì, ó ní, "Ehẹ̀n, ó dáa," ó sì bi mí bóyá mo ti bá ìyá rẹ̀ mú aṣọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó ti yí padà ni, èmi náà sì ti yí padà.

Mo sọ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ni kí o sọ fún." Mo sọ fún yín pé Zàíd ti lọ sí Kùmásí, ẹ ní ṣé Kùmásí kì í ṣe Gáánà ni. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ ní mo ti gbà. Gbogbo ohun tí mo bá kọ, "Bẹ́ẹ̀ ni" ọdún méjì sẹ́yìn lẹ fi ń dá mi lóhùn. Mo jókòó, mò ń ka asẹ́ńbílì fún iṣẹ́ mi, mo wá ń wò ó pé mo ti mọ ẹni tó ń ṣe báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gba ti rédíò gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun àpáta pẹ̀lú eékún tó ń dùn yín, tí ẹ ní oṣù ọdún tó kọjá kọ́ ni a fi ń túnu ti ọdún yìí. Ojú tèmi ńkọ́? Ìgbà wo lẹ gbójú wò ó kẹ́yìn?

Mi ò sọ pé mo kọ̀ ọ́, mi ò sì sọ pé mo gbà. Ohun tí mò ń tọrọ ni pé kí ẹ tún bi mí.

Inú ń bí mi, ẹ̀rù yín sì ń bà mí. Ẹ má ṣépè fún mi.

Raqeebah.


Ṣakí,
31 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Raqeebah,

O kú ọdún. Ọdún á yabo.

Inú bí mi. Mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Mo kọ èsì kan tó gbóná, mo fà á ya, mo kọ òmíràn, mo fà á ya. Mo ní kí ni mo ṣe tí ọmọ tí mo bí fi ń fi mí wé ẹ̀rọ tí kò gbọ́n?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo gun àpáta. Kùrukùru bo ojú ọ̀run pátá. Àwọn ará ilé dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí mi pé wọ́n ti kéde rẹ̀ ní rédíò, kí n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò gbọ́ wọn, ọwọ́ wọn ni mò ń rí. Mo dúró. Eékún ń ro mí, mo dúró, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti wá bá mi, tí n kò sì rí ibi sá sí. Mò ń ṣe sùúrù fún ojú ọ̀run tí kì í ṣe ọmọ mi. Kùrukùru wá ṣí díẹ̀, mo rí oṣù náà, tín-ín-rín báyìí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún mú lẹ́tà rẹ kà.

Mo ti sọ fún Abọ́dúnrìn pé kó má kúrò ní Accra láìgba èsì lọ́wọ́ rẹ. Mi ò kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò bi àwọn ẹbí Zàíd, mi ò bi Lèmọ́mù. Ìwọ ni mò ń bi.

Raqeebah Àjíkẹ́, ọmọ Àkíbù, ṣé o fẹ́ Zàíd?

Àwọn ìkòkò ti wà níta, àwọn obìnrin sì ń wojú mi. Fèsì kíá.

Bàbá rẹ.


Lagos Town, Accra,
3 oṣù Ìgbé, 2025.

Bàbá mi,

Rárá.

Mo pe Zàíd kí n tó kọ ìwé yìí, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán láti ọjọ́ tí mo ti gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe rò. Mo sunkún, bóyá òun náà sunkún, mi ò mọ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, wọ́n dé e.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ru ìtìjú rẹ̀ ní Ṣakí, kì í ṣe èmi. Ó ń dùn mí gan-an. Fìríìjì àkọ́kọ́ ti lọ sí ìletò lánàá, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí.

Ọmọ yín,
Àjíkẹ́.


Ṣakí,
7 oṣù Ìgbé, 2025.

Àjíkẹ́,

Mo ti gbọ́.

Èmi fúnra mi ni mo lọ bá bàbá àgbà Zàíd. Kò fi omi lọ̀ mí. Ó ti ká ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní mọ́ṣáláṣí, ó ti tẹ́ ẹ sẹ́yìn òpó. Àwọn obìnrin dá ìkòkò padà, wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n ń kó o lu ara wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú fèrèsé mi. Èmi tí mo dití, mo gbọ́ ọ.

Inú ṣì ń bí mi. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n má rò pé "Rárá" rẹ yìí ni màá fi sápò, tí màá máa nà jáde sí ẹni tó bá tún kan ilẹ̀kùn. Màá bi ọ́. Bí mo bá bi ọ́ lónìí, màá tún bi ọ́ lọ́la, títí á fi sú ọ, tí wàá fi kọ lẹ́tà sí mi pé kí n fi ọ́ sílẹ̀.

Wálé ní Iléyá. Igi máńgòrò ti ń so. Wá jókòó síbi tí o jókòó sí nígbà yẹn, kí n lè máa wo ojú rẹ bí mo bá ń bi ọ́.

Bàbá rẹ,
Àkíbù.